Ìgbín Kó Kúrò Lékòó

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Kò sí ohun tó ta kókó nínú òwe yìí. Ibi tí olórí bá gbà ni ọmọ-ẹ̀yìn ń gbà. Ibi tí ìyá bá yà sí, ọmọ a bá a yà síbẹ̀. Nínú ìpàdé ẹbí ni wọ́n sábà máa ń pa á, nígbà tí bàbá bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí àwọn àbúrò sì ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa á kò bá ìgbín òde òní pàdé. Ìgbín tiwa ti pinnu pé òun yóò fà, ìkarahun yóò sì jókòó sílé. Ó ní ìkarahun ló ń wúwo. Ìkarahun ló ń gba owó orí tí kò fi ṣe títì, òun ló ń mú iná lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń gbóná lọ́wọ́, òun ló ń nawọ́ dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà pé ká wá nǹkan fún òun. Ìgbín ń wá ibi tí yóò ti dá omi mu, dá iná tàn, dá ẹyin jẹ, dá ara rẹ̀ ṣọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní í bi í léèrè ohunkóhun títí ayé.

Ìgbín kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìkarahun rẹ̀ pátápátá. Inú àwo ata ni mo ti bá a pàdé.

Kò sì yẹ ká fojú yẹpẹrẹ wo ohun tó lé ìgbín jáde. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ààrẹ tuntun sọ gbólóhùn kan lórí owó ìrànwọ́ epo níbi ìbúra rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ìlà ti gùn nílé epo. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní àárín oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye ara rẹ̀ kiri ọjà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, àwọn tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí A bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦225 lórí ìwọ̀n iná tí wọ́n ń san ₦68 lé lórí tẹ́lẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, lítà epo kan ti ré kọjá ₦1,000. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí tí kò ronú àtisá, bóyá òun gan-an ni owó náà ń wọ àpò rẹ̀.

Sísá wá di dandan, ó ku ibi tí à ń sá lọ. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà kọjú sí London àti Toronto. Àwọn tó ní rìsíìtì ilẹ̀ kọjú sí Mọ̀wé, Ìbàfò, Ṣímáwá, títí dé Ṣágámù. Ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí ni n ó ti pẹ́ díẹ̀, torí pé ẹni tó lọ London mọ̀ pé òun wà lábẹ́ ìjọba ẹlòmíràn. Ẹni tó lọ Ṣímáwá gbà pé òun ti bọ́.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Olómìnira. Kì í ṣe ẹnì kan. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè rí mẹ́ta nínú ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá kan tó ń ti Berger lọ sí Ìbàfò. Ó kàwé, ó níṣẹ́, ó ti ka ohun púpọ̀ lórí fóònù rẹ̀ nípa bí ètò ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé ṣe fẹ́ dojú dé. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń kó lọ sílé tuntun. "Mo ń jáde kúrò nínú ètò" ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ rà. Ó rà á lọ́wọ́ ìdílé kan, ó tún rà á lọ́wọ́ ìdílé kejì tó ní àwọn kò gbọ́ orúkọ ìdílé àkọ́kọ́ rí, ó wá fi owó tu àwọn géńdé tó dúró sáàárín àwọn méjèèjì lójú. Ó san owó ìpìlẹ̀. Nígbà tí ilé gòkè dé ìdajì, ó san owó dẹ́kìn. Nígbà tí wọ́n ń kan páànù lókè, owó òrùlé ti ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ìjọba Ògùn ti ṣòfin lòdì sí ìwà yìí láti 2016, Èkó náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n òfin wà lára ohun tí Olómìnira ń sá fún, kò wá ní ojú tí yóò tún fi máa wá a kiri.

Ẹ̀yìn èyí ló tó mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Láti 1978 tí ìjọba ológun ti gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Àyè àtijókòó lórí ilẹ̀ ni Olómìnira rà, fún ọdún 99, bí gómìnà bá fọwọ́ sí ìwé. Ọkùnrin tó sá fún ìjọba ti lọ di ayálégbé ìjọba, ó sì fi ọtí ṣe ìṣílé.

Ó gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Omi jáde, ó pọ́n. Ó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ìpẹtà kúrò lára omi, ẹ̀rọ náà sì ń béèrè iná. Iná ọba kò tíì dé àdúgbò náà, nítorí náà gbogbo onílé dáwó: owó òpó, owó wáyà, owó transfọ́mà. Nígbà tí wọ́n rà á tán tí wọ́n gbé e dúró, tí wọ́n sì ti fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná wá, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, ó di tiwọn. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìwé owó iná dé. (Mo ti gbìyànjú àtiṣàlàyé èyí fún àlejò kan tó wá láti òkè òkun, ó rò pé àlọ́ ìjàpá ni mo ń pa.) Olómìnira bínú, ó ra sólà. Ó ní oòrùn kò ní mítà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì ti Ṣáínà wá, bátìrì ti Ṣáínà wá, dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó wọn ní Alábà, ẹni tó wá so wọ́n mọ́ra Ìkẹjà ló ti wá, kò sì tíì gbé fóònù láti ìgbà tó ti lọ. Nígbà tó di oṣù keje, òjò dé, oòrùn lọ fún ìsinmi, Olómìnira sì tan jẹnẹrétọ̀.

Ogún ilé ló wà ní òpópónà rẹ̀. Ogún kànga ló wà níbẹ̀, ogún ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ìpẹtà, ogún jẹnẹrétọ̀ tó ń kígbe mọ́ ara wọn lóru, àti ajá tí kò lóǹkà. Kànga méjì tó jìn dáadáa ì bá tó gbogbo wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ṣùgbọ́n ejò ò tíì burú tó ìwọ̀nyí; ejò kì í ra ìyà rẹ̀ lówó gọbọi.

Orí ẹyin ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, nítorí náà Olómìnira ra àádọ́ta òròmọdìẹ, àwọn tí yóò máa yé ẹyin, láti Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé adìẹ kì í yé kó tó tó nǹkan bí oṣù márùn-ún. Oṣù márùn-ún yẹn, wọ́n ń jẹ ni. Adìẹ kan tó ti ń yé ń jẹ tó gíráàmù 120 lóòjọ́. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà àádọ́ta, àpò oúnjẹ oníkílò 25 kan kì í tó lò fún ọjọ́ márùn-ún. Inú oúnjẹ náà ni àgbàdo wà, àti sóyà, àti èròjà tó gun ọkọ̀ òkun wá. Ìgbà yòówù kí dọ́là rìn, adìẹ Ṣímáwá á gbọ́. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́yìn náà ni dókítà ẹran tó ń gba owó mọ́tò kó tó wo adìẹ lójú. Nígbà tí ẹyin dé nígbẹ̀yìn, ó dé lọ́pọ̀ yanturu: ogójì lóòjọ́. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún kò lè jẹ ogójì ẹyin lóòjọ́ láìsùn sọ́sibítù. Olómìnira wá ń tà á fún obìnrin kan tó ń ti Èkó wá pẹ̀lú kíréètì, obìnrin náà ló sì ń dá iye tí yóò san.

Ìyàwó Olómìnira ló ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ẹyin wa yìí wọ́n ju ti Mile 12 lọ."

"Ìyá Ìbejì, ẹyin kọ́ là ń jẹ níbí. Òmìnira là ń jẹ."

"Ó dáa. Kí n dín in, àbí kí n sè é?"

Owó tí wọ́n fi ń bọ́ adìẹ, Èkó ló ti ń wá. Olómìnira kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò máa san owó òmìnira? Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jáde kí márosẹ̀ tó dí, ó sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Oorun tó yẹ kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó rà, inú mọ́tò ló ń sùn ún. Ọgbà rẹ̀ ga, wáyà oníná wà lórí rẹ̀, kámẹ́rà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà kò mọ ojú ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ẹni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn náà ló ní mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ajá rẹ̀ kọjá.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí òǹkọ̀wé tó lè dá irú rẹ̀ rò. Ojú ọ̀nà bàjẹ́, ìdọ̀tí kún, olè wọ ilé kan. Àwọn onílé pe ìpàdé lábẹ́ àgọ́, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan máa darí. Ta ni yóò tún darí bí kò ṣe ẹni tó gbọ́n jù, tó ti ka ohun púpọ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé? Wọ́n yan Olómìnira ní alága. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti dá owó ààbò sílẹ̀, owó ojú ọ̀nà, owó kọ́fátì, owó ìpàdé, àti owó ìtanràn fún ẹni tí kò wá sí ìpàdé. Ó ṣòfin pé géètì yóò máa tì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ní ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ń dúró lẹ́nu géètì báyìí, wọ́n ń dá mọ́tò àwọn ọlọ́jà dúró pé kí wọ́n wá nǹkan fún àwọn. Ẹni tó bá jẹ owó oṣù mẹ́ta, wọn kò ní í ṣí géètì fún àlejò rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ kan bóyá Olómìnira rántí ohun tó ń sọ nígbà tó ń kúrò ní Ògùdù, l'Ékòó. Ó ní alága ò ráyè. Ó wà ní ìpàdé lórí rìsíìtì ayédèrú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìní ló ń fa irú èyí, pé bí Olómìnira bá lówó jù báyìí lọ ni, ìkarahun ì bá já. Àwọn tó lówó jù ú lọ ti gbìyànjú rẹ̀. Láti 2004, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó gbà pé ìjọba tó kéré jù ló dára jù bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Grafton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire tí olùgbé rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ń dìbò gé owó ìlú kù, wọ́n ń pa iná ojú pópó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni bí yóò ṣe kó ìdọ̀tí rẹ̀. Béárì inú igbó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú. Àwọn kan ń yìnbọn fún wọn, àwọn kan ń sá fún wọn, obìnrin kan sì ń fi dónọ́ọ̀tì bọ́ wọn nínú àgbàlá rẹ̀. Òmìnira kálukú ni. Ní 2012, béárì kan ṣe obìnrin kan léṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ta ni yóò pàṣẹ fún ẹni tó ń fún wọn ní dónọ́ọ̀tì pé kó dáwọ́ dúró, nínú ìlú tí àwọn ènìyàn ti kó wá torí kí a má baà pàṣẹ fún wọn?

Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ló ń fa wàhálà, wọ́n kọjú sí òkun. Ní 2019, ará Amẹ́ríkà kan tí bitcoin ti sọ di ọlọ́rọ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀, ọmọ Thailand, lọ ń gbé inú ilé kékeré kan lórí omi, kò jìnnà sí Phuket. Wọ́n ní àwọn ti kọjá máìlì òkun 12 tí omi Thailand dé, pé àwọn wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní. Phuket kan náà ni wọ́n ti kan ilé ọ̀hún. Nígbà tó di oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun ojú omi Thailand ní wọ́n ń ba àṣẹ orílẹ̀-èdè àwọn jẹ́, ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú. Àwọn méjèèjì bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ogun sì wọ́ ilé náà wá sí èbúté. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn kan ra ọkọ̀ afẹ́ ńlá kan, Pacific Dawn, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí MS Satoshi, wọ́n fẹ́ lọ dá a dúró sí Panama kí àwọn olówó bitcoin máa gbé inú rẹ̀ láìsí ọ̀gá. Kí 2020 tó parí, ètò náà ti tú. Wọn kò rí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó máa gbà á wọlé. Kì í ṣe ológun ló ká wọn mọ́. Akọ̀wé ni.

Peter Thiel, ọ̀kan nínú àwọn tó dá PayPal sílẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fowó sí èrò ilé orí òkun yìí ní 2008. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ gbé orí omi, kò ya wèrè. New Zealand ló gbà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ìlú ní 2011 lẹ́yìn tó ti lo gbogbo ọjọ́ 12 níbẹ̀. Ó ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́bàá Wānaka, ó ya àwòrán ilé aláràbarà tí yóò fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀ wo àwòrán náà, wọ́n ní yóò ba ìrísí òkè àwọn jẹ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó lówó tó lè ra ìlú kan kò rí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ gbà. Bí Olómìnira bá ka èyí, ara á tù ú. Òun rí tirẹ̀ gbà, ó kàn fi nǹkan sínú fáìlì ni.

Ti àwọn tó lọ London kò ní gbà wá lákòókò. Ẹni tó ń bú akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó ti ń ya ike kúrò lára ìwé, ìwé kúrò lára ìgò, ó ń fi wọ́n sínú garawa aláwọ̀ oríṣiríṣi ní ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yàn fún un, kò sì kùn. Láti oṣù kejì ọdún 2024, owó ìlera tí ẹni tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀ ń san ti di £1,035 fún ọdún kan, kó tó rí dókítà rárá. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá lé e níbi iṣẹ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ọ̀gá mìíràn tí yóò gbà á síwèé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ owó ló lọ wá. Ó lè jẹ́ iná tí kì í lọ, tàbí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ. Mi ò bá a jà. Kó má ṣáà fi fídíò ránṣẹ́ pé òmìnira lòun lọ wá.

Àwọn tó ṣáájú wa náà sá, wọ́n sá ju tiwa lọ. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìbàdàn wá sábẹ́ Olúmọ, ogun ti fọ́ ìlú wọn tán. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kó dání. Kémta gbé Kémta dání, Ìtòkú gbé Ìtòkú, Ìjẹùn gbé Ìjẹùn, Ìgbẹ̀ìn gbé Ìgbẹ̀ìn. Ìlú kọ̀ọ̀kan kó àwọn Ògbóni rẹ̀ wá, ó kó oyè rẹ̀, ó kó ẹjọ́ tí wọn kò tíì dá tán, ó kó ìjà àárín òun àti ẹnikejì rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sí àdúgbò àdúgbò, orúkọ wọ̀nyẹn la sì ń pè níbẹ̀ títí dòní. Òwu dé bá wọn lẹ́yìn náà, àwọn náà ṣe Òwu tiwọn. Kò dán, kò sì rọrùn: ó di 1854, ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko, kí Aláké tó jẹ ní Abẹ́òkúta. Àríyànjiyàn pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbín wọ̀nyí fà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé ìkarahun, torí wọ́n mọ̀ pé inú rẹ̀ ni àwọn ń sùn. Ẹ lọ sí Pópó Àgùdà ní Èkó, ẹ ó rí ohun tí àwọn tó ti Brazil padà kó bọ̀: ọwọ́ tó mọ bíríkì í tò, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń sin òkú.

Ti Ayétòrò ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn aládùúgbò ti fojú wọn gbolẹ̀ torí ẹ̀sìn wọn, kó lọ sí etí òkun níbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, lórí ẹrẹ̀. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n fi pákó ṣe ojú ọ̀nà láti ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Apẹja ń pẹja fún gbogbo ìlú, ahunṣọ ń hunṣọ fún gbogbo ìlú, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe ọṣẹ, wọ́n ń ṣe bàtà, owó gbogbo rẹ̀ ń wọ àpò kan ṣoṣo, àpò náà ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Nínú àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó ní ọba aládé ń tan àtùpà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti òkè òkun wá wò wọ́n, wọ́n kọ̀wé lé wọn lórí. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òmìnira wọn kì í ṣe ohun tí Olómìnira lè fara dà fún ọ̀sẹ̀ kan: bàbá ìjọ ló ń sọ iṣẹ́ tí o ó ṣe, ìgbà kan sì wà tí ọkùnrin àti obìnrin kò jọ gbé àdúgbò kan. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n gba kálukú láàyè láti máa wá tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Òkun ló wá dé báyìí. Ọdọọdún ló ń jẹ ilẹ̀ wọn, ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ilé-ìwé lọ, àwọn òkú wọn pàápàá kò sinmi. Ìlú tó dá iná tàn fúnra rẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ wa kò lè dá òkun dúró fúnra rẹ̀, wọ́n ń bẹ ìjọba, wọ́n ń gbé pátákó dání lójú àwọn oníròyìn. Odi tí wọ́n ṣèlérí láti kọ́ sí etíkun náà láti ọjọ́ pípẹ́ kò kúrò lórí ìwé. Iṣẹ́ irú odi bẹ́ẹ̀ ni a torí rẹ̀ ń sanwó orí, bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá pé kí ni ìjọba wà fún. Àwọn tó gba owó náà kò sá lọ síbì kankan. Wọ́n wà ní Àbújá, iná ò lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ní àdúgbò Olómìnira, ọ̀rọ̀ mìíràn ti ṣẹ́ yọ. Fáàsì Kejì, àwọn tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn kọ́fátì, kọ lẹ́tà sí Fáàsì Kìn-ín-ní. Wọ́n ní owó ìdáwó pọ̀ jù, àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àwọn ọmọkùnrin ẹnu géètì ń yájú sí ìyàwó àwọn, alága sì ń ṣe bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló tẹ ìlú dó. Wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, àwọn yóò dá dúró; àwọn yóò ní ọlọ́dẹ tiwọn, owó tiwọn àti géètì tiwọn. Olómìnira ka lẹ́tà náà sókè ní ìpàdé, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ọ̀tẹ̀ ni. Ó ní báyìí ni ìlú ṣe ń tú, pé bí kálukú bá ní òun fẹ́ máa ṣe tòun, ta ni yóò wá tún ojú ọ̀nà ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kí wọ́n lọ bá Fáàsì Kejì sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jábọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Wẹ́dà Fáàsì Kejì ti gba àsansílẹ̀.